Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Gíwá àgbà fásitì ilẹ̀ Yorùbá: bí ẹ bá fẹ́ ṣí ìkànnì tẹlifíṣàn, ẹ bá ìyá mi sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àgbà wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ ń tọ́, ẹ sì kú làálàá. Olùkọ́ ni èmi náà. Báólọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkirè, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí ni ọ̀rọ̀ tó ti ń jà ràn-ìn nílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn yín, pé rédíò nìkan kò tó fásitì mọ́, pé ó yẹ kí ó ní ìkànnì tẹlifíṣàn tirẹ̀, kí ẹni tó bá tan DStv, GOtv tàbí StarTimes lè bá a pàdé láàárín àwọn ìkànnì yòókù. Inú mi dùn sí i. Mo sì ń bẹ̀rù pé kí ó má lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò ní mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyá mi fún yín.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, oògùn kan sì wà tó ń lò láràárọ̀. Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn, ọkùnrin kan sì yọ lójú rẹ̀. Ó wọ agbádá, Yorùbá ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ó ń ta àgbo inú ìgò. Ó ní ẹni tó bá ti mu ìgò mẹ́ta, kó da oògùn òyìnbó nù. Ìyá mi gbà á gbọ́. Ó dá oògùn dúró, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ. Kò pé oṣù méjì tí ẹnu rẹ̀ fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè gbé ife omi mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń rìn lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń tilẹ̀, ọwọ́ òsì yẹn kò sì tíì padà sípò tán.

Lẹ́yìn tí a gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn, èmi àti rẹ̀ jọ jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ètò kan ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo ohun tó sọ ló tọ̀nà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn títí, ó wá ní, "Ó jọ pé baba yìí mọ nǹkan kan. Èmi kọ́ ló ń bá sọ ọ́." Ó ní kí n yí i sí ibòmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tó tan ìyá mi jẹ sanwó àkókò orí afẹ́fẹ́, ó sì wá bá a pẹ̀lú èdè tó gbọ́. Ẹni tó lè gbà á là wà nílẹ̀, kò jìnnà, ọkọ̀ kan ṣoṣo láti Ìkirè ni yóò gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọn kò pàdé ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ̀yin sì ni àgbà inú ọjà yìí. Bí ẹ bá máa ṣí ìkànnì, ohun kan péré ni mo ń bẹ̀ yín sí: kí ó jẹ́ ibi tí ìmọ̀ yín yóò ti bá àwọn aráàlú sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Gbogbo ohun tó kù tí n óò sọ, ìyẹn ni gbòǹgbò rẹ̀.

Kì í ṣe pé nǹkan yìí ṣàjèjì sí wa. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, òun sì ni tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń darí ló dá a sílẹ̀, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kíkọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́kọ̀ọ́ wà lára iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà, tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: ní 1953, Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, dá ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ lẹ́bi lórí rédíò ìjọba, wọn kò sì fún Awólọ́wọ̀ láyè láti fèsì níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ohùn dù nílé onílé ló lọ kọ́ ilé tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ padà gba tẹlifíṣàn náà mọ́ ara NTA, ọ̀rọ̀ ti ya ibòmíràn láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tan iná sítúdíò yẹn, fásitì Ìbàdàn ti pé ọdún mọ́kànlá nílẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ tí ilé ìmọ̀ àti ilé àwòrán ti ń gbé ìlú kan náà.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò díẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, ìkànnì tẹlifíṣàn kì í sì í sùn. Ẹ ti ní rédíò. Diamond FM wà ní Ìbàdàn lórí 101.1, Great FM wà ní Ifẹ̀ lórí 94.5, ti UNILAG wà lórí 103.1, ti LASU wà lórí 95.7. Ẹ mọ bí iṣẹ́ rédíò ṣe rí: èèyàn kan, gbohùngbohùn kan àti orin díẹ̀, wákàtí kan ti lọ. Tẹlifíṣàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń bèèrè àwòrán, àwòrán ń bèèrè kámẹ́rà, ọkọ̀, iná, ẹni tó máa gé e tó máa tò ó. Bí ẹ kò bá ti pèsè ohun tí yóò kún inú wákàtí wọ̀nyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá wà nítòsí ni àwọn òṣìṣẹ́ yín yóò kó sí i: Gíwá gba àlejò, Gíwá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọdún tó kọjá, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò sọ pé àwọn yẹn kò ṣe pàtàkì fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ìkirè tó mú rìmóòtù dání kò ní dúró tì wọ́n, bí ó bá sì ti kọjá lórí ìkànnì yín lẹ́ẹ̀mejì láìrí ohun tó kàn án, kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Kí wá ni kí ẹ kó sí i? Ìṣúra kan wà tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá di ọ̀jọ̀gbọ́n, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò dúró níwájú gbogbo fásitì nínú gbọ̀ngàn ńlá, tí yóò sọ ohun tó ti fi ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún wádìí. Mo ti lọ jókòó ní irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan dá lórí àrùn tó ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di rúgúrúgú, tó máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà sí funfun àti yẹ́lò. Ó yé mi dáadáa pé kòkòrò funfun kékeré kan ló ń gbé àrùn náà láti orí igi kan dé òmíràn, pé bí àgbẹ̀ bá gé igi ẹ̀gẹ́ tó ti ní in, tó tún un gbìn, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àrùn wọ oko tuntun. Mo wo ẹ̀yìn mi nínú gbọ̀ngàn náà. Aṣọ àwọn olùkọ́ àti fìlà àwọn mọ̀lẹ́bí ni mo rí. Kò sí àgbẹ̀ kan níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. Lọ́jọ́ kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mú ọ̀jọ̀gbọ́n náà jókòó sábẹ́ igi. Ẹ fi àgbẹ̀ méjì, obìnrin kan tó ń din gàrí, àti ọmọ ilé ìwé girama kan sí iwájú rẹ̀. Kí ó sọ fún wọn ní Yorùbá ohun tó sọ lánàá, kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè, kí wọ́n tilẹ̀ takò ó. Ẹ gbé kámẹ́rà méjì síbẹ̀. Ó dá mi lójú pé ètò yẹn yóò dùn ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ inú gbọ̀ngàn lọ, nítorí pé àgbẹ̀ yóò bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn kò bèèrè: èwo ni kí òun ṣe sí igi tó kù nílẹ̀, níbo sì ni òun yóò ti rí igi tó mọ́ gbìn?

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ẹ má dá wọn lóhùn pẹ̀lú àríyànjiyàn, ẹ fi iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú yín hàn wọ́n. Láti 1970 ni Bábs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní fásitì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn onímọ̀ èdè mìíràn náà jókòó ti èdè-ìperí, wọ́n fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ohun tí a kò ní orúkọ fún tẹ́lẹ̀. Nínú kíláàsì tèmi, mo ti ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́wàá bí omi ṣe ń gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá lọ síbi tí iyọ̀ ti pọ̀, àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń há a sórí. Lọ́jọ́ tí mo bi wọ́n ní Yorùbá pé kí ló fà á tí ìgbín fi ń hó tí omi ara rẹ̀ sì ń tán bí a bá da iyọ̀ sí i lára, gbogbo kíláàsì ló pariwo. Ó ti yé wọn láti kékeré. Orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọn kò mọ̀.

Ẹ rántí ọdún 2020. Àrùn kòrónà dé Nàìjíríà ní ìparí oṣù Kejì, kí oṣù Kẹta tó rìn jìnnà, àwọn onímọ̀ ní fásitì Redeemer's ní Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti ka ìtò àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà tán. Òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ní Ẹdẹ, ẹ̀yin èèyàn mi! Ìlú tí àwa ará Ìkirè ń lọ kí ìyekan. Gbogbo ayé gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, nínú ọjà tí àbúrò mi obìnrin ti ń ta aṣọ, ohun tí wọ́n gbọ́ ni ohùn àwọn tí a kò mọ̀ lórí WhatsApp, pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, pé àrùn olówó ni, pé òòrùn ilẹ̀ wa kò ní jẹ́ kó ràn. Mi ò dá àwọn onímọ̀ náà lẹ́bi, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ju tẹni kan lọ, àwọn kọ́ ló yẹ kó tún máa sáré kiri ọjà. Ìkànnì ni kò sí nílẹ̀. Bí ó bá ti wà, bí ojú àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ wọ̀nyẹn bá ti mọ́ àwọn ìyá ọjà lára fún ọdún mélòó kan ṣáájú, tí wọ́n ti bá wọn sọ̀rọ̀ ibà, tí wọ́n ti bá wọn sọ̀rọ̀ Lassa, wọn ì bá ti mọ ẹni tí wọn yóò gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí ọjọ́ burú.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Mo mọ̀ pé epo dísẹ̀lì nìkan lè jẹ owó ìkànnì tán, ìwé àṣẹ àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn, àti owó sátẹ́láìtì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ wo Bràsíl. Ní 1995, wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ nípa tẹlifíṣàn kébù, èyí tó ń gba inú wáyà wọlé, pé ilé iṣẹ́ kébù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ya ìkànnì kan sọ́tọ̀ fún àwọn fásitì tó wà ní àgbègbè rẹ̀, kí àwọn fásitì náà jọ máa lò ó. Kí wọ́n jọ máa lò ó: gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Nígbà tó di 1997, àwọn fásitì São Paulo ti ń pín ìkànnì kan láàárín ara wọn, ti ìjọba, ti ìjọ àti ti aládàáni. Kò sí ẹni tó ní kí fásitì kan ṣoṣo ru wákàtí 168.

Ọ̀rọ̀ Bràsíl kì í ṣe ti àjèjì sí wa pàápàá. Fásitì Bahia ní Salvador dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní 1959 tí wọ́n ń pè ní CEAO, láti máa wádìí ọ̀rọ̀ Áfíríkà, láìpẹ́ sí i sì ni Ebenezer Látúndé Láṣebìkan ti kúrò nílé lọ kọ́ wọn ní Yorùbá níbẹ̀. Ní ọdún kan náà tí Ìbàdàn ń tan tẹlifíṣàn ni fásitì kan lókè òkun ń ṣí ilẹ̀kùn fún èdè wa. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n ń fi í kọrin nínú ilé òrìṣà. Ẹ fojú inú wo ìkànnì kan tí wọ́n lè wò láti Salvador, tí ọ̀mọ̀wé láti Ifẹ̀ ti ń tú oríkì fún wọn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Fásitì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn UCH lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. FUTA ní Àkúrẹ́ ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ifẹ̀ ní àwọn onítíátà àti àwọn onímọ̀ oògùn. LASU ń gbé láàárín àwọn ará Èkó, ó mọ ariwo wọn. Bí fásitì méje bá fọwọ́ so pọ̀, ọjọ́ kan péré ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí fásitì tó ni ọjọ́ náà bá ṣe ètò tuntun wákàtí mẹ́rin, tí ó sì fi í hàn lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ilẹ̀ tó mọ́, ọjọ́ ti kún. Kò sí ohun tó burú nínú àtúnfihàn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lọ sóko láàárọ̀ yóò rí i lálẹ́, ẹni tó ń ṣọ́dẹ lálẹ́ yóò rí i lọ́sàn-án. Mo mọ̀ pé fásitì kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ wà lókè. City University ní New York ti ní ìkànnì tirẹ̀ láti 1985, University of California bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2000, àwọn yẹn lówó lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a ní ṣe é.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn lè má rántí. A ń pe DStv, GOtv àti StarTimes ní kébù, ṣùgbọ́n kò sí wáyà tó wọlé wa. Abọ́ orí òrùlé tàbí eríà ni, àti dékódà, àti owó oṣù. Lọ́dún tó kọjá, oṣù tí ìyá mi kò rí owó san lórí dékódà pọ̀ ju oṣù tó san lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ni sátẹ́láìtì, ẹ bi wọ́n: ṣé ìkànnì wa yóò wà nínú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ? Ṣé yóò máa ṣí sílẹ̀ bí owó bá tán? Kí ẹ sì má dúró síbẹ̀. Ẹ gé ètò kọ̀ọ̀kan sí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi sórí WhatsApp àti YouTube, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn alágbo ń gbà wọlé báyìí. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sórí àwọn rédíò tí ẹ ti ní, kí ẹni tí kò ní iná lè gbọ́ ọ láti orí fóònù kékeré.

Ẹ tún lọ ṣí àpótí. Láti bí ọgọ́ta ọdún ni àwọn olùwádìí yín ti ń gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lọ bá àwọn oníjàálá, àwọn apẹ̀sà, àwọn ìyá olóríkì. Adébóyè Babalọlá ti Yunifásítì Èkó rìn kiri nítorí ìjálá nígbà tí ọ̀pọ̀ yín kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Àwọn tó kọ ohùn wọ̀nyẹn ti kú. Téèpù kì í fara da ooru, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé wọn jáde, ẹ wá ọmọ ọmọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ gbé e fún un kó gbọ́ níwájú kámẹ́rà. Mi ò mọ ẹni tí kò ní jókòó wo ìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ń jáde lọ́dọọdún láìfọwọ́ kan kámẹ́rà tó dára. Ẹ sanwó fún wọn, ì báà kéré. Ẹ má sì gbàgbé àwọn adití, ẹ fi ẹni tó mọ èdè ọwọ́ sí igun kan.

Ní ti ètò àkọ́kọ́, mo bẹ̀ yín, kí ó dá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí dókítà kan láti ọ̀dọ̀ yín sọ ní Yorùbá ìdí tí a kò fi lè dá oògùn náà dúró nígbà tí ara bá ti yá, kí ó sì fi sùúrù sọ ọ́, kó má bú àwọn tó ń mu àgbo. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò jókòó síwájú rẹ̀ tí yóò bi í ní ìbéèrè, ìyá mi ti gbà. Ó ní òun ní ìbéèrè mẹ́rin. Ó wà nílé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Olùkọ́ báólọ́jì kan, Ìkirè.